Kí a tó wá ìyàwó fún eku tó dá wà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń kọ mí lóminú nípa àwa tí a ń sin eku àti àwọn ẹran tó jọ ọ́ nílùú Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àwọn òbí ti ń ra hámsítà, eku kékeré onírù kúkúrú, àti gínì-píìgì, ẹran bí eku tí kò nírù, fún àwọn ọmọ wọn ni mo ti ń gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu àwọn tó ń tà wọ́n àti lẹ́nu aládùúgbò: pé ẹran tó bá dá wà kò lè láyọ̀, kí a tètè wá akọ fún abo tàbí abo fún akọ, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Àánú ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọyì rẹ̀, ṣùgbọ́n títọ́jú eku ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí máa ń pa ẹran.

Hámsítà aláwọ̀ wúrà ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ọmọ ìyá kan tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú ihò lẹ́bàá Aleppo ní ilẹ̀ Síríà lọ́dún 1930 ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nínú àgò lágbàáyé ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún lọ gbẹ́ ihò wọn wò ní àgbègbè náà, àgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àfi ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Kò yẹ kí èyí ya ará Ìbàdàn lẹ́nu, nítorí ọdẹ tó ń gbẹ́ òkété ní oko wa mọ̀ pé ẹyọ kan ni òun sábà máa ń bá. Òótọ́ ni pé ènìyàn laṣọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwà tiwa nìyẹn.

Bí a bá fi hámsítà méjì sínú àgò kan, wọn a kọ́kọ́ máa gbóòórùn ara wọn, olówó wọn a sì rò pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, abo, tó sábà máa ń tóbi ju akọ lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kiri, a máa gé e jẹ ní ìdí àti ní abẹ́ ikùn, akọ kò sì ní rí ibi sá gbà. Mo ti rí èyí tí etí rẹ̀ ya, tó ká jọ sí kọ̀rọ̀, tí irun rẹ̀ fọ́n káàkiri ilẹ̀ àgò, tí kò lè jẹun mọ́. Òmíràn a kú. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni abo máa ń gba akọ láàyè, fún wákàtí díẹ̀ péré lálẹ́. Bí wákàtí náà bá ti kọjá, ọ̀tá ni akọ tún jẹ́. Ohun tó ń tan àwọn oníbàárà jẹ ni pé wọ́n máa ń rí púpọ̀ wọn tí wọ́n sùn lé ara wọn lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà wọ́n, láìmọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n, tí ìjà kò tíì dé sáàárín wọn.

Gínì-píìgì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran agbo ni, orílẹ̀-èdè Switzerland sì ti fi òfin dè é láti ọdún 2008 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ẹyọ kan sìn. Eku funfun náà fẹ́ràn ẹlẹ́gbẹ́. Mo lè bá a ṣeré lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n n kò lè wà níbẹ̀ lóru láti bá a tún irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, ẹlẹ́gbẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ kò di dandan kó jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó. Abo méjì tí wọ́n jọ dàgbà ti tó, tàbí abo pẹ̀lú akọ tí dókítà ẹranko ti tẹ̀ lọ́dàá. Abo gínì-píìgì tó bá kọ́kọ́ lóyún lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méje lè kú níbi tó ti ń rọbí, nítorí egungun ìbàdí rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, kò sì ní lè là fún ọmọ mọ́. Èyí tó bá sì bímọ láyọ̀, akọ lè tún fún un lóyún láàárín wákàtí díẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé a ń fi ẹ̀tọ́ ẹran dù ú bí a kò bá jẹ́ kí akọ gun abo. Ara rẹ̀ ń bèèrè nígbà tí àkókò bá tó, ìyẹn a sì kọjá lọ. Ohun tó ń fìyà jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ni àgò tó há àti ilẹ̀ àgò tí kò sí ohun tó lè gbẹ́ níbẹ̀. Hámsítà tó ń gé irin àgò jẹ lálaalẹ́ ni wọ́n máa ń sọ pé ó ń wá abo. Àgò tó gbòòrò ló ń wá, àti èérún pákó tó jinlẹ̀, irú èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníplánkì ní Bódìjà, bí a bá ti gbọn eruku rẹ̀ dànù.

Mo bẹ àwọn tó ń ta ẹran wọ̀nyí pé kí wọ́n máa ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo láti kékeré, kí wọ́n sì máa sọ irú ẹran tí ó jẹ́ fún ẹni tó ń rà á. Ẹni tó bá sì ti ní hámsítà méjì nínú àgò kan, kí ó jọ̀wọ́ wá àgò kejì lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùtọ́jú eku kan,
Agbowó, Ìbàdàn.