Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Nípa Aṣọ Dúdú àti Èéfín Tùràrí

Gwarinpa,
Abuja.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àwọn fọ́tò tó o yà ní Whitby, ìlú etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ti dé ọwọ́ mi. Ká má purọ́, ó wù mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jowú. Tọmọdé tàgbà gbé dúdú wọ̀ látòkè délẹ̀, ìbọ̀wọ́ léèsì lọ́wọ́, fìlà gíga lórí, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn 199 yẹn lọ sí àwókù ilé ìsìn orí òkè, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ta ló kú. Mo mọ̀ pé láti 1994 ni àwọn goth, àwọn tó fẹ́ràn aṣọ dúdú àti ìtàn òkú òun iwin, ti ń pàdé níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé Dracula, òkú amùjẹ̀, gúnlẹ̀ sí nínú ìwé Bram Stoker. Àmọ́ ìròyìn kò tó àfojúbà.

O bi mí bóyá mo ṣì ń wọ dúdú. Mo ń wọ̀ ọ́ o, nínú ooru oṣù kẹta pàápàá. Bàbá ará Ọ̀ffà tó ń ṣọ́ géètì ọ́fíìsì wa kì í kí mi káàárọ̀ mọ́. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni wọ́n máa ń sọ, èmi náà á sì dáhùn pé "Ọmọ á gbẹ̀yìn yín, bàbá," àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ ara mi pe ọ̀fọ̀ wá sílé.

Ohun tó ń gbé mi nínú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ yín, ìyàwó ni wọ́n fi ń ṣe níhìn-ín. Wo ìyàwó Kànúrí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀: làálì dúdú tí wọ́n fi ya òdòdó láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́, tìróò tó ki pọ́pọ́ nínú ojú, èéfín tùràrí tó kún yàrá débi pé o ò ní rí ẹni tó jókòó ní kọ̀rọ̀. Tí kò bá sí ti ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀, wàá ní iwin ni. Opó gan-an ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin Mùsùlùmí fi ń ṣe opó, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ kun làálì, kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà. Lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ọbabìnrin Victoria gbé dúdú wọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1861, kò sì bọ́ ọ títí òun náà fi kú ní 1901. Jet Whitby yẹn, ohun dúdú tó ń dán bí òkúta, ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn ọ̀fọ̀ nígbà náà.

Hàjíyà kan ń bẹ ní ilé kejì sí tiwa, ará Maiduguri ni wọ́n, wọ́n sì ń se tùràrí tà. Wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń da ṣúgà lé, tí wọ́n á sè é títí ṣúgà náà á fi lẹ̀ mọ́ igi, kí wọ́n tó wá máa da òróró olóòórùn lé e lórí, oríṣi kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n á dé e pa sínú ike, ó di ọjọ́ gbọọrọ kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí wọ́n mú ẹyọ kan sí orí èédú pupa, ó kọ́kọ́ hó, ó yọ fóòmù díẹ̀, lẹ́yìn náà ni èéfín gbéra. Hàjíyà ní kí n na apá aṣọ mi sórí rẹ̀. Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, òórùn ò kúrò.

Igi olówó iyebíye inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní oud, Éṣíà ló ti ń wá. Tí ara igi náà bá yá, funfun ni inú rẹ̀, kò sì ní òórùn kan gúnmọ́. Ìgbà tó bá fara gbọgbẹ́ tí àrùn wọlé ni igi á sun oje dúdú sí ojú egbò, oje yẹn ni àwọn olówó ń sun. Jet rẹ náà, igi tó rì sínú ẹrẹ̀ òkun láti nǹkan bí mílíọ̀nù 180 ọdún ni. Àwọn lọ́fínńdà tí wọ́n ń tà ní ọjà Wuse pẹ̀lú àwòrán agbárí lára ìgò, kó o má wulẹ̀ rà wọ́n. Ìgò dúdú, inú ṣúgà.

Mo tún dé Kano, mo yà sí ibi ìpaláró Kofar Mata tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Aṣọ á wọ inú kòtò aró, á jáde, á tún wọlé, títí á fi dúdú bí inú ìkòkò. Wọ́n á wá fi kùmọ̀ lù ú títí á fi máa dán. Àwọn Tuareg, ará aṣálẹ̀ Sàhárà, ló ń fi irú rẹ̀ wé láwàní, aró rẹ̀ sì máa ń ràn mọ́ wọn lójú. Ẹtù bàbá mi tó wà nínú àpótí ni mo rántí. Aṣọ ńlá Yorùbá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá, kò sì sí ẹni tó ń kí ẹni tó wọ̀ ọ́ kú àṣẹ̀yìndè!

Ní ti ìwé, ìtàn ẹlẹ́rù tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ goth yìí, èyí tí Horace Walpole, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1764, ọjọ́ ìgbéyàwó ni àṣíborí ràgàjì já lu ọkọ ìyàwó, ó sì pa á. O rí i pé ìyàwó àti òkú ti jọ ń rìn tipẹ́. Ṣùgbọ́n Fágúnwà ni mo ń tún kà. Àgbákò, iwin inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé rẹ̀ ti 1938 yẹn, olójú mẹ́rìndínlógún, fìlà irin ló dé, ẹ̀wù idẹ ló wọ̀, ṣòkòtò awọ ló sán. Gbé e lọ sí Whitby, wọ́n á tò láti bá a ya fọ́tò. Lọ́nà Bida nítòsí wa níhìn-ín, ní Wuya, ni odò ti gbé bàbá Fágúnwà lọ ní 1963. Mi ò tíì lè gba ibẹ̀ kọjá láìrántí wọn.

Àbúrò mi ń bọ̀ ní Leeds, mo fi tùràrí Hàjíyà rán an sí ọ. Ẹ̀yìnkùlé ni kó o ti sun ún o, torí ẹ̀rọ tó ń ké lájà ilé yín ò mọ̀ bóyá ìyàwó ni tàbí ilé ló ń jó. Owó yẹtí jet mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Má jẹ́ kí wọ́n ta gíláàsì fún ọ: fi í fa ìlà sí abẹ́ àwo tánganran níbi tí kò dán, jet tòótọ́ máa fi àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.