Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́ yìnyín Grimsby: ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú ẹ̀rọ kúrò nínú ilé

Sí Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ North East Lincolnshire,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ amómidì ló kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ilé-iṣẹ́ yìnyín tó wà ní Gorton Street, létí èbúté ẹja Grimsby, ní England. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tí yóò gba ẹnikẹ́ni láyè láti hú ẹ̀rọ inú rẹ̀, ìbáà ṣe láti tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ìbáà ṣe láti kó wọn lọ síbi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí nílùú mìíràn.

A mọ̀ pé òfin ti dáàbò bo ilé náà ní ìpele Grade II* (ìpele kejì nínú mẹ́ta tí England fi ń to ilé ìtàn). World Monuments Fund, àjọ tó ń dáàbò bo ibi ìtàn káàkiri ayé, fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn ibi tó wà nínú ewu ní 2014, Europa Nostra, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018. Àmọ́ orúkọ inú ìwé kì í dí òrùlé tó ń jò.

Kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí, láti Norway ni yìnyín ti ń wá. Wọ́n á fi ayùn gé e lójú adágún nígbà òtútù, wọ́n á kó o sọ́kọ̀ ojú omi. Bí òtútù Norway ọdún kan kò bá mú dáadáa, àwọn apẹja Grimsby ló ń jẹ ìyà rẹ̀, torí ọkọ̀ tó ń lọ pẹja kọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún ní Iceland gbọ́dọ̀ ti di yìnyín sínú kí ó tó kúrò ní èbúté. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹja á ti rà kó tó délé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìnyín ìlú náà fi pawọ́ pọ̀ kọ́ èyí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901. Ẹ́ńjìnnì tí oru omi gbígbóná ń tì ló kọ́kọ́ ń wà á; ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń tẹ gáàsì pọ̀) J&E Hall mẹ́rin wọlé, tí mọ́tò iná Metropolitan-Vickers ń yí. Wọ́n ti ilé náà pa ní 1990.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kí ẹ lè rí ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n á rọ omi sínú agolo gígùn tó tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á rì wọ́n sínú táńkì omi iyọ̀. Omi iyọ̀ yìí tutù ju òdo lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, síbẹ̀ iyọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó dì. Páìpù tí amóníà, èròjà tí wọ́n fi ń mú nǹkan tutù, wà nínú rẹ̀ ló ń gba inú omi iyọ̀ náà kọjá. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ayé nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, amóníà á máa hó ní ìwọ̀n -33 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó ṣe ń hó nínú páìpù ló ń fa ooru kúrò nínú omi iyọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fa gáàsì rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, á tì í lọ síbi tí omi tútù ti ń sọ ọ́ di olómi padà. Láti ara agolo ni yìnyín ti ń dì bọ̀ sí àárín, àmọ́ yìnyín tó ti dì á tún máa dínà fún ooru tó kù láti jáde. Bí agolo bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, àkókò tí yóò fi dì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ìpele-ìpele ni wọ́n ń yọ agolo: kéréènì á gbé e sókè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè tú, bílọ́ọ̀kì á yọ̀ jáde sínú ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ, bẹ́líìtì á sì gbé yìnyín fífọ́ náà gba òkè lọ dà sínú ọkọ̀.

Ká wá sọ pé wọ́n yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kúrò láàárín ìyẹn. Ẹni tó bá rí i lórí pẹpẹ níbòmíràn á rí irin ńlá kan lásán, ẹni tó bá sì wọ ilé yìí á rí ògiri. Kò sí èyí tí yóò lè sọ bí ẹja ṣe dé tábìlì nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó ń ba irú ilé báyìí jẹ́ kò ṣòro mọ̀. Gọ́tà ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹlé á yàgbẹ́ dí i, olè á ká òjé orí òrùlé, omi á wá máa wọ orí ògiri. Ìdí igi òrùlé tó wọnú bíríkì ló kọ́kọ́ ń jẹrà, níbi tí ojú ò tó. Láti ìsàlẹ̀, igi á ṣì máa dà bí ẹni pé ó le títí di ọjọ́ tó bá já. Ẹ̀ẹ̀kejì ni iyọ̀. Bíríkì tó ti mu omi iyọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún á máa bó lójú ní gbogbo ìgbà tó bá rẹ tó tún gbẹ. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ ti há iyọ̀ mọ́ inú nìyẹn. Àpòpọ̀ ẹfun òkúta (lime) àti yanrìn ni kí wọ́n lò.

Nítorí náà, kí òtútù tó ń bọ̀ tó dé, a bẹ yín pé kí wọ́n kó gọ́tà, kí wọ́n sì fi ìbòrí fún ìgbà díẹ̀ sórí ibi tó ń jò. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n sì so nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò, aṣọ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá ni kí wọ́n fi bò ó. Ọ̀rá ńkọ́? Rárá o, ìrì á máa sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, wáyà kọ́pà á sì bà jẹ́. Bí pístọ̀nì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, bá ti gan mọ́ ibi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára yí i; epo fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n dà sí i, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n má fi iná gé páìpù kankan láìyẹ̀ ẹ́ wò, torí amóníà lè ṣẹ́ kù sínú ọ́ìlì, bó bá sì pò mọ́ afẹ́fẹ́ dé nǹkan bí ìdá 15 sí 28 nínú 100, ó ń gbiná. Ẹ̀yà tí wọ́n bá pààrọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kọ́pà tàbí idẹ, amóníà á jẹ ẹ́.

A ò ní kí wọ́n má lo ilé náà fún nǹkan mìíràn o. Ilé náà tóbi. Ọjà, ṣọ́ọ̀bù àti ibi ayẹyẹ lè gba àyè tó kù, bí yàrá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, táńkì àti ọ̀nà bẹ́líìtì bá ti wà bí wọ́n ṣe wà.

Iṣẹ́ nọ́ńbà àti epo tí a kà sókè yìí, àwa fúnra wa lè ṣe é láìgba owó. Ẹ ṣáà bá wa bá ẹni tó ni ilé sọ̀rọ̀ kí ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Àwa ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ amómidì