Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó fi àwo pè mí

Bọ̀dá mi,

Sátidé tó kọjá ni Àǹtí pè mí pé òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ń jò, kí n wá wo àwọn àwo orin yín kí omi má baà bà wọ́n jẹ́. Ọdún kan ti pé tí ẹ ti lọ, mi ò sì tíì wọ yàrá yẹn láti ìgbà náà. Páálí mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń yọ àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi àkísà nù wọ́n, títí mo fi kan ti Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí.

Pílásítà wà lára rẹ̀.

Pílásítà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ ṣe máa ń fi síṣọ́ọ̀sì gé e, tí ẹ fi ń sàmì sí àárín àwo kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi pé àwo yẹn kì í ṣe èyí tí ọmọ èèyàn ń họ, tí à ń fọwọ́ tì síwájú sẹ́yìn lábẹ́ abẹ́rẹ́! Mo di àwo mú, mi ò lè dìde. Àǹtí bi mí bóyá eruku ló wọ ojú mi. Mo ní eruku ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ àwo náà láti gáréèjì Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. 1998 ni, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Technics SL-1200 MK2, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1979, ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí owó yín kò ká méjì. Kílò 11 péré ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa gbé e dé Ìbarà, ọrùn mi ti fẹ́ wọ èjìká. Mo bi yín pé ṣebí méjì ni àwọn DJ ń lò. Ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì á máa lu ìlù ní apá kan míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn méjì pọ̀, àwa á máa họ àwo ní apá kejì. Ẹ̀rọ àwo bàbá mi ni mo ti fi ń dán an wò kí ẹ tó dé, tí kò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ là á yé mi pé rọ́bà ló ń yí tiwa: bí èèyàn bá dá àwo dúró, rọ́bà á fà, á pẹ́ kí àwo tó tún sáré bó ṣe yẹ. Ti Technics, àárín mọ́tò gan-an ni àwo jókòó lé. Bí ẹ bá ti tú u sílẹ̀, ó ti ń lọ.

Aṣọ tí àwo ń yọ̀ lórí rẹ̀ ńkọ́? Màmá yín ló ṣe é. Wọ́n mú aṣọ nípọn láti ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú, wọ́n fi ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ pa á lára, wọ́n sá a sóòrùn títí ó fi le, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Ẹ wá gé ọ̀rá róbótó sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà pé ohun tí Grandmaster Flash, DJ ará Amẹ́ríkà, ṣe ní Bronx nìyẹn láàárín ọdún 1970 sí 1979: ó mú aṣọ fẹ́ẹ̀tì, ó fi sítáàṣì mú un le. Inú mi dùn débi pé mo tẹ nọ́ńbà yín kí n lè sọ fún yín pé Màmá àti ọkùnrin yẹn ronú kan ohun kan náà láìrí ara wọn rí. Kí ó tó dún lọ́dọ̀ yín, mo pa á. Ó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú ọdún".

Ẹ fẹ́ràn ìtàn Grand Wizzard Theodore, DJ Bronx mìíràn, ju gbogbo ìtàn lọ. Ọmọdé tó wà nínú yàrá rẹ̀ ní nǹkan bí 1975, tí ìyá rẹ̀ yọjú pé kó dín ariwo kù, tó fọwọ́ dá àwo dúró kó lè gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́ lórí àwo náà, ó ń tì í síwá, ó ń fà á sẹ́yìn, ó sì gbọ́ ohùn kan tí kò gbọ́ rí. Ẹ máa ń sọ pé ọmọ tó fẹ́ gbọ́rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ló bí iṣẹ́ yìí. Mi ò gbọ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìrákòrò lẹ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi. Orúkọ tí ẹ sọ baby scratch nìyẹn, nítorí ọmọ ọwọ́ ló ń rá. Fédà, ìyẹn bọ́tìnnì míkísà tó ń ṣí ohùn tó sì ń pa á, á wà ní ṣíṣí, ọwọ́ á wà lápá òsì àwo, níbi tí nọ́ńbà 9 wà lójú aago, ẹ ó tì í, ẹ ó fà á, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rákòrò. Mò ń tẹ àwo jù, abẹ́rẹ́ sì ń fò. Ẹ á gbé ìka mi kúrò, ẹ á ní, "Àkànní, fọwọ́ bà á bí ẹni fọwọ́ ba orí ọmọ tuntun." Lẹ́yìn náà ni ti síwájú, tí èèyàn á pa fédà kí a má baà gbọ́ ìgbà tí àwo ń padà. Lẹ́yìn náà ni "ẹyẹ", tí àwọn yòókù ń pè ní chirp: bí ẹ bá ń ti àwo síwájú ẹ ó máa pa fédà, bí ẹ bá ń fà á padà ẹ ó máa ṣí i, tí ohùn á já wẹ́wẹ́ bí ti ológoṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ní láti gbọ́ ara wọn. Ẹyẹ kò ké lọ́wọ́ mi rí.

Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni mo fẹ́ kọ sí yín nípa rẹ̀.

Ẹ ti rí i pé bí ọwọ́ bá yá, ohùn á ga, bí ó bá falẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Ẹ ní kí ló wá kù? Onígángan ń fún okùn, àwa ń ti àwo, èdè kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi àwo pè mí. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, kíá. Dò, dò, mí. À-kàn-ní. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ omi ní òpópónà kejì, bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti sáré délé. Èèyàn mìíràn ò mọ̀ pé orúkọ ni. Nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ni ẹ fi àwo pe orúkọ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ òkú àgbà yẹn ní Ìtòkò, oṣù Kejìlá 1999. Ẹ lọ rí onínàáwó nítorí owó tó kù, ẹ ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àyìnlá ló ń kọrin lórí àwo. Mo jẹ̀bi, mi ò sọ pé mi ò jẹ̀bi. Ọmọ ọdún 16 ni mí, àwọn ọmọbìnrin dúró lápá ibẹ̀, mo sì họ ọ́. Ní Ìtòkò! Níbi tí wọ́n ti ń ka Àyìnlá sí ọmọ inú ilé, tí àwọn àgbà tó wà níjókòó kò tíì gbàgbé 6 oṣù Karùn-ún 1980 tí wọ́n pa á nínú ìlú yìí. Bàbá kan dìde pẹ̀lú ọ̀pá: "Ta ló ń họ Àyìnlá lẹ́nu?"

Ẹ sáré dé, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ó yẹ kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ yọ headphone lọ́rùn mi, ìyẹn náà tọ́. Ẹ wá ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ tó ń bá mi gbẹ́rù ni. Kò mọ nǹkan kan."

Ọmọ tó ń bá yín gbẹ́rù. Bàbá tèmi àti bàbá yín, ọmú kan náà ni wọ́n mu.

Mo jáde, mo jókòó lórí àpáta ẹ̀yìn ògiri. Ẹ pààrọ̀ orin, ijó tún gbóná. Láàárín orin méjì ni mo gbọ́ ọ: dò, dò, mí. Ó dákẹ́. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbí mo fẹ́ gbọ́ ọ ni mo ṣe gbọ́ ọ? Ó lè jẹ́ pé ẹ kàn ń wá ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò dìde. Mo fẹsẹ̀ rìn títí dé Ìbarà lóru, mò ń sọ fún ara mi pé bí ẹ bá fẹ́ mi ẹ ó wá síta. Kò tó ìṣísẹ̀ 20, Bọ̀dá mi. Ẹ fi ẹnu sẹ́ mi níwájú gbogbo èèyàn, ẹ wá fi ọwọ́ pè mí níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè mọ̀ pé ẹ pè mí. Lọ́jọ́ kejì ẹ ní kí n bu omi wá, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ bá oníṣẹ́ mìíràn, ẹ ní, "Kò burú." Mo bẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀mejì nígbà àìsàn yín. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi nígbà méjèèjì.

Lọ́dọ̀ ẹni tí mo lọ bá, a kì í họ àwo. Ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mo ń dúró sí, etí òsì mi sí i, ó lé ní 20 ọdún. Etí òsì náà ti ń kú báyìí. Dókítà sọ pé àwọn irun tín-ín-tín tó wà nínú etí, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́, àti pé ariwo 85 decibel fún wákàtí 8 lóòjọ́ ni ààlà tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Àríyá wo ló mọ ààlà? Ìyàwó mi mọ̀ pé ó ń dùn mí, kò mọ̀ pé ó ti tó báyìí. Ní Pánṣẹ́kẹ́, àwọn àgbà ti ń sọ pé mo gbéraga, nítorí wọ́n ń gba apá òsì kí mi, mi ò dáhùn. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní ìlú wa. Iṣẹ́ méjì ni mo rí láti ọdún tuntun. Ohun kan sì ń dún nínú etí náà tọ̀sán tòru. Ohùn òkè ni: mí, mí, mí.

Mo gbé ẹ̀rọ yín wálé, Àǹtí ló ní kí n gbé e. Ọmọ ọdún 40 àti lé ni mí, mo tún ń rákòrò. Lálẹ́ òní mo gbé àwo Àyìnlá lé e, mo yí pílásítà yín dé òkè, mo sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ibi tí olórin ti na ohùn gun ni ẹ sàmì sí, ohùn tó gùn tó láti pe orúkọ. Ìgbà wo lẹ sàmì sí i? Ṣé ṣáájú Ìtòkò ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Mo tì í jẹ́jẹ́. Mo tì í jẹ́jẹ́. Mo tì í kíá. Dò, dò, ti ìkẹta sì wọnú ariwo etí mi, mi ò mọ èwo ni ti àwo, èwo ni tèmi. Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó bá mi gbọ́ ohun tí àwo ń sọ, mi ò sọ fún un pé orúkọ ni.

Ó ní, "Dádì, ẹ tún un ṣe, mi ò gbọ́ ìparí rẹ̀."

Bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé e ni wọ́n múná lọ. Àwo náà ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, ohùn Àyìnlá ń wọlẹ̀ bó ṣe máa ń wọlẹ̀ nílé yín, títí ó fi dúró. Tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Ọmọ náà kò tíì lọ sùn. Ó jókòó lápá ọ̀tún mi, a jọ ń dúró de iná.

Àkànní