Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Banjul

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ̀mí rẹ á gùn. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á fún bàbá rẹ, mo kà á fún ìyá àgbà, àwọn ló tún ní kí n padà sí ibi tí o ti sọ pé wọ́n ń ta àkàrà lójú títì níbẹ̀.

O ní Banjul kéré, pé o rò pé olú-ìlú Gambia á dà bí Èkó, o wá bá erékùṣù lẹ́nu odò, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń ti Serrekunda gba orí afárá wọlé láràárọ̀. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ara rẹ á mọlé.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ibi tí o kọ ọ́ pé ìkíni wọn ń fi àkókò ṣòfò. Pé ẹni tó wá gba oògùn á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé, ti ìyá, ti bàbá, ti iṣẹ́, kó tó sọ ibi tó ń dùn ún. Pé kí wọ́n tó se attaya, tíì wọn yẹn, lórí èédú, kí ife kékeré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yí ká, ọ̀sán ti pọ́n.

Ọmọ mi, ní 1989 tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sókótó, omi tán nílé wa lọ́jọ́ kan. Mo gbé korobá, mo wọ ilé kejì, mo bá ìyá kan tó ń fẹ́ jéró. Mo ní, "Ruwa." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìyá náà ò dáhùn. Wọ́n ń gbọn atẹ, wọ́n ń fẹ́ ẹ, ìyàngbò ń bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo tún un sọ. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ina kwana?" Wọ́n sì dúró. Mi ò mọ èsì. Wọ́n fúnra wọn wí i, "Lafiya," wọ́n ní kí n wí i tẹ̀lé àwọn. Ìgbà tí mo wí i ni wọ́n tó gba korobá lọ́wọ́ mi, tí wọ́n pọnmi kún un dẹ́nu. Ojú tì mí, nítorí mi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò ní Abẹ́òkúta. Torí pé mo wà nílùú àjèjì ni mo ṣe rò pé mo lè wọlé onílé láìkí i.

O ní Aku ni ìyá onílé rẹ, pé ó yà ọ́ lẹ́nu pé wọ́n ń pe aṣọ ẹbí ní "ashobi". Ṣé o mọ ibi tí orúkọ Aku ti wá? Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, bí wọ́n ṣe sọ Àjàyí Crowther náà kalẹ̀ ní 1822. Láti Freetown làwọn kan ti ṣí lọ sí Banjul, tí wọ́n ń pè ní Bathurst nígbà náà. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn kiri nìyẹn, ni àwọn tó gbọ́ ọ bá fi "ẹ kú" sọ wọ́n lórúkọ. Ogun ti kó gbogbo ohun tí wọ́n ní, wọ́n ṣì ń kíra wọn. Àárín ọmọ ọmọ wọn ni ìwọ wà tí o ní ìkíni ti pọ̀ jù!

Bí wọ́n bá fi èdè Wolof kí ọ pé "Nanga def?", má kàn mirí. Wí pé "Maa ngi fi rek", kí o béèrè ará ilé wọn. Nọ́ọ̀sì ni ọ́: ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ pé ìyá ọmọ ò tíì sùn láti ìjẹta, pé wọ́n yá owó mọ́tò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Aláìsàn ò ní tú inú rẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú.

Ti abọ́ benachin yẹn, ìrẹsì tí ẹ jọ ń jẹ, tí o nawọ́ sí ẹja láàárín tí gbogbo wọn dákẹ́, wọn ò kórìíra rẹ. Ọwọ́ iwájú rẹ ni kí o ti máa jẹ, onílé ló ń já ẹja síwájú àlejò. Ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ tí ìyá àgbà gbá ọ lọ́wọ́ torí o mú ẹran ṣáájú bàbá rẹ?

Jọ̀wọ́, má máa wí fún wọn pé "ní Nàìjíríà, báyìí la ṣe ń ṣe é". Láti 1987 tí ìjọba ti dá Technical Aid Corps sílẹ̀, ìrànwọ́ ni wọ́n ń rán irú yín lọ ṣe fún ọdún méjì. Bí ohun èlò ò bá tó, kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rí i ṣe kí o tó dé.

Bí àárò ilé bá mú ọ lálẹ́, sunkún rẹ dáadáa, má sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra lọ́jọ́ kejì. Mo ti wá mọ̀ pé wákàtí kan la fi ṣáájú yín, mi ò ní pè ọ́ ní ìdájí mọ́.

Bá mi kí ìyá onílé. Kúnlẹ̀ kí wọn. Bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ ìlú tí wọ́n ti kó baba ńlá wọn. Bí wọ́n bá dárúkọ Ẹ̀gbá, aago yòówù kó jẹ́, pè mí. Mo ti ya àdìrẹ kan sọ́tọ̀ fún wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ lápá ibẹ̀ ni màá fi rán.

Ìyá rẹ