Fílítà ojú lẹ́ǹsì: ti Ojúde Ọba yàtọ̀ sí ti òde alẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà onífọ́tò tó ní ìfowóṣòfò lásán ni fílítà, gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń fi bo ojú lẹ́ǹsì, pé àwọn ọlọ́jà ló ń fi í jẹun. Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì tí à ń fi ya èèyàn láti òkèèrè ló ń sọ, mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó ń wo ibi fífẹ̀, irú mílímítà 17 sí 40 tí èmi ń lò (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ibi tó ń wò ṣe ń fẹ̀ tó), àfi kéèyàn gbé e sún mọ́ nǹkan kó tó dáa.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, bí mi ò bá sún mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun dáadáa, ẹṣin á kàn rí bí ewúrẹ́ nínú fọ́tò ni. Ibẹ̀ náà sì ni eruku àti èéfín ìbọn wà. Lọ́dún kan, ẹṣin kan gbọn orí, itọ́ rẹ̀ ta sójú lẹ́ǹsì mi. Mo yára fi ìṣẹ́tí bùbá nù ún (aṣọ ẹgbẹ́ lèmi náà wọ̀ lọ́jọ́ náà), mi ò rántí pé eruku ti kọ́kọ́ bà á. Háà! Ìlà mẹ́ta gbọọrọ ló ha sára fílítà. Mo yọ ọ́ jù sápò, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ká ní ojú lẹ́ǹsì gan-an ni ńkọ́?

Canon, àwọn tó ṣe lẹ́ǹsì mi, fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé tó bá lẹ́ǹsì yìí wá pé àfi ká fi fílítà síwájú rẹ̀ kí eruku àti omi má baà ráyè wọlé, torí gíláàsì iwájú rẹ̀ máa ń lọ sẹ́yìn sẹ́wájú nínú agolo rẹ̀ bí a bá ń yí i.

Àmọ́ fílítà ti dójú tì mí rí. Níbi ìgbéyàwó kan, mo lọ́ méjì léra wọn, ọ̀kan tún nípọn bí ìdérí ìgò. Mo to gbogbo ẹbí sórí àtẹ̀gùn, mo yà wọ́n ní 17. Ìgbà tí fọ́tò jáde, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bíi kóro iṣin. Àbúrò ìyá ìyàwó méjì tó dúró létí, gèlè wọn ti wọ òkùnkùn. Ìyá ìyàwó ní, “Ìwọ onífọ́tò yìí, ṣé àwọn àbúrò mi ò sanwó aṣọ ni?” Lẹ́ǹsì náà ń wo ibi tó fẹ̀ débi pé ó ń rí etí irin fílítà. Ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ya ògiri funfun pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un yà, kí ẹ sì fi igun fọ́tò méjèèjì wéra.

Bí ọlọ́jà bá ní UV ni, irú èyí tó ń dí ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí, pé ìyẹn ló ṣe wọ́n, ẹ má dá a lóhùn. Ayé fíìmù ni ìyẹn wúlò.

Tó bá di òde alẹ́, èmi máa ń yọ ọ́ ni. Gílóòbù kì í ṣàì wọ fọ́tò lẹ́ǹsì fífẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì máa ta padà lára gíláàsì pẹlẹbẹ yẹn, ẹ ó wá rí àmì róbótó aláwọ̀ ewé lójú ìyàwó.

Kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn wá dúró tì mí ní Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Bí lẹ́ǹsì rẹ̀ bá ń gba fílítà tó fẹ̀ tó mílímítà 77, èyí tó ha yẹn ṣì wà lápò mi, màá yá a.

Èmi ni tiyín,
Onífọ́tò kan, Ìjẹ̀bú-Òde