Ẹ fi àmì sí ọ̀nà Erédò kí ẹ tó máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí ènìyàn nínú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan tún na okùn dí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó wọ Erédò Sùngbọ́ níhà Ìjẹ̀bú-Òde. Àga oníke kan, tábìlì kékeré kan, ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó owó sí. Iye tí wọ́n ń gbà kò dúró sójú kan. Ọmọ ìlú ní tirẹ̀, ẹni tó gbé ọkọ̀ tó ní nọ́ḿbà Èkó wá ní tirẹ̀, bí òyìnbó bá sì wà láàárín wọn, ó di ìlọ́po. Kò sí rìsíìtì. Bí o bá ti sanwó tán, wọ́n á sọ okùn sílẹ̀, wọ́n á ní "ẹ máa lọ". Ká máa lọ síbo? Kò sí àmì kan lára igi, kò sí òpó kan nílẹ̀, kò sí ọfà kan tó júwe ọ̀nà nínú igbó náà. Wọ́n ń gba owó, wọn kò fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni.

Gbogbo wa la mọ Erédò, mi ò ní fi ìtàn rẹ̀ gba àyè yín. Odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, ní àwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi lè tó mítà 20. Bóyá Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, ni ayaba Ṣébà, bóyá òun kọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn onítàn máa bá ìjà tiwọn lọ. Èyí tó kàn wá báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń rọ́ wá ní Sátidé àti Sọ́ńdè láti Èkó, Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ní mẹ́fà mẹ́fà, ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ rìn, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n fẹ́ sinmi ariwo mọ́tò. Ohun tó dáa ni wọ́n ń ṣe, kò sì sí ẹni tó yẹ kó lé wọn. Àmọ́ ẹni tó gbowó lọ́wọ́ àlejò ti di onílé, ó sì yẹ kí onílé mọ bí àlejò rẹ̀ yóò ṣe padà sílé.

Àwọn tí kò mọ ibẹ̀ rò pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣìnà nínú yàrà, pé kí o ṣáà máa tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Yàrà náà ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Níbì kan á já sí àbàtà, níbòmíràn oko ẹ̀gẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀, níbòmíràn títì ti gé e sí méjì. Ẹni tó bá dé irú ibẹ̀ á gun òkè kó lè yí i ká, á wá bá ọ̀nà oko méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀nà tí àwọn agégẹdú fi ń wọ́ igi. Ti agégẹdú yẹn ló máa ń fẹ̀ jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ kò lọ síbì kankan: ìdí igi tí wọ́n gé kẹ́yìn ló parí sí. Ẹ kò ní rí oòrùn dáadáa nísàlẹ̀ yàrà débi tí ẹ ó fi mọ ìhà tí ẹ kọjú sí. Fóònù náà kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ògiri méjèèjì àti ewé igi á fi díẹ̀ péré nínú ojú ọ̀run sílẹ̀, àmì tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn lórí máàpù á wá máa fò kiri. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, fóònù á máa wá a títí bátìrì á fi kú. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti gba máàpù sórí fóònù, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ sára pátákó gàdàgbà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ: ìhà tí odi ti ga jù ni ìhà inú, ìyẹn ìhà Ìjẹ̀bú. Àwọn tó gbẹ́ yàrà da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ inú ni. Bí ẹ bá ti ṣìnà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ inú àti èyí tó jẹ́ ìta. Àwọn tó ń gba owó kì í sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn fúnra wọn má mọ̀ ọ́n.

Ti àkókò ńkọ́? Ní títì, ó tó nǹkan bí aago méje kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Nínú yàrà, láti aago márùn-ún ààbọ̀ ni ojú ti ń ṣòro láti fi ríran. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì yí padà ní aago méjì ọ̀sán, tọ́ọ̀ṣì ni yóò mú un jáde, bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀ṣì fóònù kọ́ ni mò ń sọ. Irú èyí tí àwọn ọdẹ ń dè mọ́ orí ni, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo, pẹ̀lú bátìrì mìíràn nínú àpò. Omi: lítà mẹ́ta fún ẹnì kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́fà. Ẹni tó bá ń làágùn tó sì ń mu omi lásán á rí i pé orí ń fọ́ òun, iṣan ẹsẹ̀ ń fa òun. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ náà ló yẹ kó wà nínú ike kan: lítà kan omi, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ojú ṣíbí, kó má ga lórí.

Ní ti ẹsẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílípáàsì sílé. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ náà. Bó bá gbẹ ó le gbagidi, bí òjò bá ti kàn án, ó di ọbẹ̀ ilá. Ewédò sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri tó jẹ́ pé ẹni tó fọwọ́ kàn án á rò pé òun ti rí nǹkan dì mú, kó tó ṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí yàrà ti jìn, ẹ má gun ògiri. Ibi tí odi ti ya tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbà gòkè, ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó kù dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe nísàlẹ̀ ẹni tó ń gùn. Kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ tó lè ṣẹ́ nìkan. Gbòǹgbò igi àti ewédò yẹn ló ń dá ògiri náà dúró láti ayébáyé. Bí ẹ bá ha á kúrò, tí ẹ gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i nítorí fọ́tò, òjò tó ń bọ̀ á gba ojú àtẹ̀gùn yẹn wọlé, ògiri á ya lulẹ̀. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà wọ inú yàrà tilẹ̀ ń ṣe èyí tó burú jù, torí ipa táyà ni omi ń tọ̀.

Ìjàlọ: ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ má sì dúró sójú kan wò wọ́n. Wèrèpè máa ń gbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá kàn yín lára, ẹ má fi ọwọ́ nù ún, ńṣe ló ń wọlé sí i. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fà á kúrò, kí ẹ tó fomi wẹ̀ ẹ́. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ lẹ́sẹ̀, ẹ má fi abẹ fín ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀, ẹ má sì fi okùn fún ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ pinpin, torí okùn yẹn lè mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ di igi méjì mọ́ ọn kó má mì, ẹ gbé ẹni náà, kó má fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ẹ ti ń gbé e bọ̀, kí ẹnì kan máa pe ilé ìwòsàn láti bi wọ́n bóyá oògùn ejò wà nílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹni tí ejò bù jẹ nínú yàrà, kí ni yóò sọ lórí fóònù? "Mo wà níbi igi ńlá kan"? Igi ńlá kún ibẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: owó ni wọ́n ń gbà, àmì ni kò sí.

Àwọn aláṣẹ wa mọ ibẹ̀ dáadáa tó bá di ọjọ́ ayẹyẹ. Wọ́n á fi kọ́ńfọ́ì wá, wọ́n á wọ agbádá dúró síwájú odi, wọ́n á ní àwọn yóò sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ tí gbogbo àgbáyé yóò máa wá. Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ Erédò sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo àgbáyé, ìwé ìdúródè náà la ṣì wà. Ẹni tí kò lè fi ọ̀dà kan igi, ṣé òun ni yóò kọ́ ilé ìtura síbẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò tó owó àsè ọjọ́ kan. Kí wọ́n mú kìlómítà márùn-ún péré láti fi bẹ̀rẹ̀. Òpó kọnkéré ni kí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní mítà 200 síra wọn, òpó 26 ni yóò jẹ́. Kí wọ́n má lo igi, ikán á jẹ ẹ́. Kí wọ́n má lo irin, àwọn tó ń ta irin àlòkù á ti hú u kí oṣù tó parí. Kí òpó kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà kan ààbọ̀, kí ó nípọn ní sẹ́ńtímítà 12 níhà gbogbo, irin rọ́ọ̀dù mílímítà 10 mẹ́rin nínú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni kí wọ́n pò. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin á ṣe gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n dà á sílé, kí wọ́n máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan, torí kò sí ẹni tí yóò ru omi wọgbó. Ó máa wúwo ju kìlógíráàmù 50 lọ díẹ̀, ọkùnrin méjì á fi ọ̀pá gbé e. Ìdajì mítà ni kó wọlẹ̀, kí wọ́n fi yangí gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le.

Nọ́ḿbà ni ẹ̀mí òpó náà. Kí wọ́n fi irin kọ ọ́ sínú kọnkéré nígbà tó ṣì tutù, kí ọ̀dà má jẹ́ ìrètí kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá a lóru lè fọwọ́ tọ́ ọ kà. Kí ọfà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí títì tó sún mọ́ ọn jù. Orí odi ni kí òpó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ yàrà, torí orí odi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ẹni tó bá ṣìnà á wulẹ̀ sọ pé "mo wà ní òpó 14", àwọn ọdẹ á ti mọ ibi tí wọn yóò gbà.

Láàárín òpó sí òpó, ọ̀dà lára igi, ní ìṣísẹ̀ 30 síra wọn, méjì lórí ara wọn níbi tí ọ̀nà bá ti yà. Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì funfun tàbí ofeefee ni. Pupa kì í hàn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹmọ́ṣọ̀n ò lè dúró de òjò. Ìgbà ọyẹ́ ni kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ewédò kúrò láìgé èèpo igi. Kí ó ga tó ojú ènìyàn, fífẹ̀ sẹ́ńtímítà 5, gígùn 15, níwájú igi àti lẹ́yìn igi, torí ẹni tó ń bọ̀ nílé náà nílò àmì. Ọ̀pọ̀ tó ń kùn ún máa ń gbàgbé ẹ̀yìn igi. Lítà mẹ́rin ọ̀dà á tó, á tún ṣẹ́kù. Àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ abúlé ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, kí wọ́n fi owó ẹnu ọ̀nà san án fún wọn, pẹ̀lú rìsíìtì.

Ní ti igbó ọba Omo, níhà J4, ìletò kan nínú igbó náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Erin wà níbẹ̀, kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń yà wọ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó, kí aṣọ́gbó kan bá wọn rìn, kí sípíkà àti ariwo orin dúró sílé. Àwọn tó ń fẹ́ fi erin ya fọ́tò ara wọn, ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Ìyókù kò gùn. Kí wọ́n fòfin de ọ̀kadà nínú yàrà. Kí ẹni tó bá ru ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wọlé rù ú jáde. Kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fi katapílà wó odi láti ta ilẹ̀ fojú ba kóòtù.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.