Ọmọ odó kejì

Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Ṣé baálé rẹ ń ṣe dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́.

Mo rí i pé o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá tí n kò gbé e. Jọ̀ọ́, má bínú. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. O mọ̀ pé ojú mẹ́ta ló máa ń yọ lójú fóònù tí a bá jọ pera wa lọ́jọ́ Àìkú. N kò tíì lè wo ojú méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, bí a ṣe máa ń kọ̀wé síra wa nígbà tí o ń ṣe tíṣà ní Ìwó, tí kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

O ní o kò lè dárí ji ara rẹ pé o kò sí níbi ìsìnkú Ìyá Ìbejì. Báwo ni ìbá ṣe ṣeé ṣe? Mùsùlùmí ni. Ìdájí ló kú, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí wọ́n fi sin ín. Èmi tí mo wà nílùú gan-an, n kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Ọjọ́rú ni orí fifọ́ náà mú un ní ṣọ́ọ̀bù, àwa àti Táíwò la gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́rin òru, ó ní òtútù ń mú òun. Mo gba ọlọ́kadà lọ sílé lọ mú aṣọ ìbora. Ìgbà tí mo padà dé, aṣọ náà wà lápá mi, Táíwò sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ yẹn ṣì wà lórí àga ní yàrá mi, n kò tíì ká a.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo mọ̀ pé ó ń lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, á sinmi lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ó ti wọ́n jù. Tí mo bá bá a wí, á ní, "Orí kò fọ́ mi, ẹsẹ̀ kò dùn mí, kí ni mo ń gbé e mì sí?" Nọ́ọ̀sì kan ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn pé àìsàn náà kì í pariwo, ó lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí nǹkan kan má ṣe é. Àbẹ̀kẹ́, lọ ní kí wọ́n wọn tìrẹ. Mo bẹ̀ ọ́. Èmi náà ti lọ.

A ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, a ti ṣe ti ogójì ọjọ́. Àwọn àlùfáà ti ṣàdúrà, àwọn ènìyàn ti jẹun, wọ́n sì ti lọ sílé wọn. Láti ìgbà náà ni n kò ti mọ ibi tí mo máa gbé ara mi sí.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ odó fún ọ. O rántí pé ọlọ́wọ́ òsì ni Ìyá Ìbejì. Láti 2008 tí a ti jọ ṣí búkà, apá òsì odó ló máa ń dúró sí, èmi lápá ọ̀tún. Tí tèmi bá ń gòkè, tirẹ̀ á máa bọ̀ nílẹ̀. A kì í kà á, a kì í wo ọwọ́ ara wa. A lè máa sọ ọ̀rọ̀ àna àti ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí títí iyán á fi kúnná, ọmọ odó wa kò ní fara kanra. Mo gba ọmọkùnrin kan pé kó máa ràn mí lọ́wọ́. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ odó wa forí gbárí lẹ́ẹ̀mẹrin, iyán gbígbóná ta sí mi láyà. Àwọn oníbàárà rò pé òun ló jó mi tí mo fi ń sunkún.

Iyán ọjọ́ náà ní kókó. Iyán tiwa! Káfíńtà tó máa ń bá wa jà lórí pé ẹran kéré, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ń ṣa kókó sí etí abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó ní, "Ìyá Ṣọlá, a tún ń bọ̀ lọ́la o." Nínú gbogbo àwọn tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀, tirẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù.

Ọmọ odó Ìyá Ìbejì, mo gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibi tó máa ń dì mú ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Kẹ́hìndé wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ fà á yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán bí ẹni tó ń jà. Mo ní kó rọra. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gún un." Mo yọ ọwọ́ tèmi, mo sì jẹ́ kó dá gún un tán.

Ọmọ yunifásítì ni Kẹ́hìndé báyìí o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o ti gba NCE, òun ni ìjọba ìpínlẹ̀ sọ di Yunifásítì Iléṣà ní 2022. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti pọ̀ ní búkà wa, ìrẹsì ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìyá Ìbejì á dá wọn lóhùn pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, ìrẹsì kò sí nínú rẹ̀. Mo ti ń se ìrẹsì báyìí, ní Ọjọ́bọ̀ nìkan. Kò tíì rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ fún ọ.

Ìlú pàápàá ti yí padà. Nígbà tí Ọba Arọ́mọláràn wàjà ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Ìyá Ìbejì jókòó lórí àpótí tó ń ṣa ẹ̀fọ́, ó ní, "Àdùkẹ́, láti 1982, ọmọ kékeré ni wá, Owá kan ṣoṣo la mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ní ọba mìíràn?" Wọ́n fi Ọba Haastrup jẹ, ó sì ti ń mọ́ wa lára. Mo máa ń rántí ìbéèrè yẹn tí mo bá ń lọ ra iṣu ní ọjà Atákúnmọ̀sà. Òun ló máa ń fi èékánná họ èèpo iṣu wò. Àwọn oníṣu ṣì ń béèrè pé, "Ẹnì kejì ńkọ́?" Àwọn tó ti gbọ́ á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́.

Ọmọ oṣómàálò ni wá, o mọ̀ pé kì í gbàgbé gbèsè. Ìwé gbèsè ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ìyá Ìbejì kì í sábà kọ orúkọ síbẹ̀. "Ọlọ́kadà aláṣọ pupa, 1,200." "Tíṣà tó máa ń rẹ́rìn-ín, 2,000." Ó kọ ọ̀kan pé, "Ọmọ yunifásítì tínínrín, má bi í." Àwọn ajẹgbèsè ń wá san án fúnra wọn láìjẹ́ pé mo lóṣòó ti ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi kò lè fagi lé ohun tó kọ, nítorí náà mo ń kọ "ó ti san" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tìrẹ wà níbẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, iyán méjì, ẹran mẹ́ta, pọ̀nmọ́ kan. 2016. Ó ní tóun bá dé." Oúnjẹ tí o jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí ò ń lọ ni. Ìwé náà ti kún lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn, mo lọ wo àwọn ti àtijọ́ nínú àpótí. Nígbàkígbà tó bá ṣí ìwé tuntun, gbèsè rẹ ló máa ń kọ́kọ́ dà kọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ lo wà ní ìlà kìíní.

Má fi owó ránṣẹ́ o. N kò ní gbà á.

Pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin tiwa. Mo máa gbé e. Tí n kò bá lè sọ̀rọ̀, ìwọ ṣáà máa sọ tìrẹ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìnyín, ohun tí ẹ sè lálẹ́ àná. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ jókòó tì mí.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́